Mímí àti ìjókòó jẹ́ẹ́ fún ẹni tó ń jáwọ́ nínú bárakú: ìbéèrè àti ìdáhùn láti Abẹ́òkúta

A kó ìwọ̀nyí jọ nítorí pé àwọn ìbéèrè kan náà ló ń padà wá, yálà Ìbarà la wà tàbí Adátán, yálà ìyá ọmọ ló bi wá tàbí ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n lọ́wọ́lọ́wọ́ nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọtí dúró, kó fo gbogbo ìyókù, kó lọ ka ìbéèrè nípa ọtí nísàlẹ̀, kó sì gbéra lọ sílé ìwòsàn.

Kí lẹ̀ ń pè ní bárakú?

Ohun tí èèyàn ń lò, tó mọ̀ pé ó ń ba òun jẹ́, tó ti gbìyànjú àtifi sílẹ̀, tí kò rí i fi sílẹ̀. Ọtí wà níbẹ̀, sìgá, igbó, kolorádò (igbó àtọwọ́dá), tramadol, omi ikọ́ tó ní codeine, oògùn oorun, áìsì (methamphetamine). Tẹ́tẹ́ orí fóònù náà wà níbẹ̀. Iye tí èèyàn ń mu kọ́ nìkan la fi ń mọ̀ ọ́n: ẹni tó ń mu ìgò kan péré lálẹ́ àmọ́ tí kò lè sùn bí kò bá mu ún ti wà lójú ọ̀nà.

Ẹ má sì rò pé ilé yín nìkan ló ti ṣẹlẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 rí i pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 14.3, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ló ti lo oògùn olóró tàbí ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan. Wọn ò tíì ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn.

Kí ló kan mímí nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Nígbà tí ara bá ń béèrè ohun tó ti mọ́ ọn lára, àyà á máa já, ọkàn á máa lù kìkì, èjìká á le, èémí á kúrú. Ọpọlọ á gbà pé ewu ti dé. Ohun kan ṣoṣo tó sì mọ̀ tó ń lé irú ewu yẹn lọ ni ìgò tàbí wíìdì náà.

Nínú gbogbo ohun tó ń dàrú nínú ara lásìkò yẹn, èémí ló rọrùn jù láti darí tààrà. Ẹ ò lè pàṣẹ fún ọkàn pé kó rọra lù, àmọ́ ẹ lè rọra mí. Iṣan kan gùn láti ọpọlọ dé ọkàn dé ikùn, vagus làwọn dókítà ń pè é. Tí a bá ń mí síta, iṣan yìí á dẹ ọkàn. Tí a bá ń mí sínú, ọkàn á tún yára díẹ̀. Ìdí rèé tí mímí síta fi gùn ju mímí sínú lọ nínú gbogbo ohun tí a máa ṣàlàyé nísàlẹ̀ yìí.

Ṣé ó ń wo bárakú sàn?

Rárá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó ń wò ó sàn, nǹkan ló fẹ́ tà. Àyè díẹ̀ ló ń fún yín, láàárín ìgbà tí ara béèrè àti ìgbà tí ẹsẹ̀ gbéra. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Ṣùgbọ́n inú ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn náà ni èèyàn tó sọ̀ kalẹ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́ ti máa ń pinnu pé òun á yà síbi tóun ti ń rà á kóun tó délé.

Dókítà, nọ́ọ̀sì, olùdámọ̀ràn, oògùn níbi tó bá ti yẹ, ará ilé tó mọ ohun tó ń ṣe, iṣẹ́ tí èèyàn á máa jí lọ: ìtọ́jú nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mímí dúró sí.

Báwo la ṣe ń ṣe é?

Ẹ jókòó sórí àga tàbí àpótí, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ kan lé ikùn, ẹ gbé ìkejì lé àyà. Ẹ gba imú mí sínú, kí ẹ máa kà á lọ́kàn: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ọwọ́ orí ikùn ló yẹ kó gbéra. Tó bá jẹ́ pé ti orí àyà ló ń fò sókè, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Kí ẹ wá rọra mí síta, láti imú tàbí láti ẹnu tí ẹ ká ètè rẹ̀, kí ẹ kà dé ẹ̀fà. Ẹ má sáré kà á.

Ìṣẹ́jú àáyá 4 sínú, 6 síta, ó di 10. Ẹ̀ẹ̀mẹfà péré lẹ ó mí nínú ìṣẹ́jú kan nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà tó jókòó lásán máa ń mí tó ìgbà 12 sí 20. Tí 4 àti 6 bá gùn jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 3 àti 4. Ẹni tó ti fa sìgá tàbí igbó pẹ́, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè má gbà fún un níbẹ̀rẹ̀. Kó má bá a jà.

Ọ̀nà mìíràn wà fún ìgbà tí ara bá gbóná gan-an. Ẹ gba imú mí sínú; kí ẹ tó mí síta, ẹ tún fa díẹ̀ lé e; kí ẹ wá jẹ́ kó gba ẹnu jáde ní gígùn, títí tí kò fi sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún tó. Lẹ́yìn náà kí ẹ padà sí ti àkọ́kọ́.

Ìjókòó jẹ́ẹ́, tí àwọn kan ń pè ní àṣàrò, ńkọ́? Ṣé ohun kan náà ni?

Wọ́n jọ ń rìn ni. Ìdárayá mímí ń yí bí ẹ ṣe ń mí padà. Nínú ìjókòó jẹ́ẹ́, ẹ ò yí nǹkan kan padà. Ẹ jókòó, ẹ̀ ń kíyè sí èémí bó ṣe ń wọlé tó ń jáde níhò imú. Ọkàn á sá lọ sórí gbèsè, sórí ìjà àná, sórí ọ̀rọ̀ tí ìyàwó sọ. Ẹ ó rí i pé ó ti lọ, ẹ ó fà á padà sídìí èémí. Ó tún lọ, ẹ tún fà á padà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé, "Èmi ò mọ̀ ọ́n ṣe o, ọkàn mi ò dúró." Ọkàn ta ló dúró? Fífà á padà yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà, torí ohun tí ẹ máa ṣe nìyẹn lọ́jọ́ tí ọkàn bá sá lọ sídìí ọtí. Lójú tiwa, apá yìí ló wúlò jù nínú gbogbo rẹ̀. Òun náà ló tètè ń súni jù.

Jon Kabat-Zinn ló gbé irú ìjókòó yìí wọ ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà ní 1979, fún àwọn tí ìrora ò fi sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Alan Marlatt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington tún un gbé kalẹ̀ fún àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí àti oògùn olóró.

Ìṣẹ́jú mélòó lóòjọ́?

Márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún lálẹ́. Tó bá yá tó sì wù yín, ẹ fi kún un. Ẹni tó bá fi ìdajì wákàtí bẹ̀rẹ̀ kì í sábà rí ọ̀sẹ̀ kejì.

Ẹ má dúró dìgbà tí ara bá béèrè kí ẹ tó kọ́ ọ. Ohun tí ẹ ò bá ṣe nígbà tí ara tutù, ẹ ò ní rántí rẹ̀ nígbà tí orí bá gbóná.

Ilé wa ò dákẹ́ rárá. Níbo ni kí n ti ṣe é?

Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ tó ń ké: Abẹ́òkúta ò ní dákẹ́ torí pé èèyàn kan fẹ́ mí. Ẹ jẹ́ kí ariwo máa lọ, kí ẹ kàn máa gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ. Balùwẹ̀ ṣeé lò. Inú ọkọ̀ láti Kútọ̀ sí Láfẹ́nwá ṣeé lò, fún èrò o, kì í ṣe fún dírẹ́bà. Ọlọ́kadà lè ṣe é tó bá páàkì sábẹ́ igi, aládìrẹ l'Ítòkú lè ṣe é kí oníbàárà tó dé.

Ibì kan tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ti ṣe é ni ibi tí ẹ ti máa ń mu ún tàbí fà á. Àga yẹn, igun yẹn, òórùn ibẹ̀ lásán tó láti mú kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà lẹ fẹ́ gbé wọlé fún wa?

Lóòótọ́, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà àti Híńdù ti ń ṣe irú ìjókòó yìí tipẹ́tipẹ́. Èyí tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn ò ní òrìṣà, kò ní orin, kò sì sí ọ̀rọ̀ àjèjì kankan tí ẹ ó máa pè. Kò sí ẹni tí kíka ení, èjì, ẹ̀ta sọ di abọ̀rìṣà rí.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀sìn tirẹ̀ sí i, àyè wà. Mùsùlùmí lè máa mí síta pẹ̀lú "Subhanallah" lẹ́yìn ìrun, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Kristẹni lè mú ẹsẹ ìwé mímọ́ kan tó mọ̀ lórí, kó fi ìdajì mí sínú, kó fi ìdajì mí síta. Ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1935, ní ìgbésẹ̀ méjìlá. Àdúrà àti àṣàrò ni ìkọkànlá, oníkálùkù sì ń ṣe é bó ṣe mọ Ọlọ́run tirẹ̀.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni àwẹ̀ gígùn àti àìsùn lórí òkè àdúrà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́. Ebi àti àárẹ̀ wà lára ohun tó máa ń mú kí ara béèrè jù. Ẹ jẹ́ kó jẹun, kó sùn. Àdúrà yẹn á ṣì gbà.

Ara mi ti ń béèrè báyìí báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń rí ìgò náà, ẹ̀ ń gbọ́ òórùn igbó náà, tàbí ẹni tó ń tà á wà lórí fóònù, mímí kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, ẹsẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbé. Ẹ gbé owó ọwọ́ yín fún ẹni tí ẹ fọkàn tán, kódà bó jẹ́ ìyá tó ń ta ọsàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó tàbí kí ẹ fara ti ògiri, ẹ sọ ọ́ fúnra yín pé, "Ó ti dé." Ẹ má lé e. Ẹ wá ibi tó wà nínú ara. Ọ̀fun ni? Inú àtẹ́lẹwọ́? Abẹ́ àyà? Ṣé ó gbóná, ṣé ó ń fún yín, ṣé ó ń rìn? Ẹ máa mí, 4 sínú, 6 síta, kí ojú inú yín wà níbi tó wà yẹn gan-an. Ẹ má dáhùn ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Ó lè sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ó lè sọ pé ẹ ti gbìyànjú tó, ó lè sọ pé ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Bí àgbàrá tó ń ṣàn láti orí òkè ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn òjò ńlá lọ̀rọ̀ yìí rí. Ó ń ru, ó ń kún sí i, èèyàn á rò pé yóò gbé ilé lọ. Ẹni tó bá kó sínú rẹ̀, á gbé e. Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá rẹ̀, tó ń wò ó, á rí i tó fà. Marlatt ló fi irú ìwòran yìí kọ́ àwọn tó ń tọ́jú: ara kì í béèrè títí láé. Ó máa ń ga dé góńgó, á sì wálẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kó tó pé ìdajì wákàtí, bí a ò bá fún un ní ohun tó ń wá. Ti sìgá máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tó bá ti wálẹ̀, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé ebi ń pa mí? Ṣé inú ń bí mi? Ṣé èmi nìkan ni mo wà látàárọ̀? Ṣé ó ti rẹ̀ mí? Ìkan máa ń wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ebi, ẹ lọ jẹun ní tòótọ́. Tó bá jẹ́ ìdánìkanwà, ẹ pe èèyàn; ẹ má kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ pè é kí ẹ gbọ́ ohùn.

Mo mí, mo mí, ó ṣì ń béèrè. Ṣé mi ò ṣe é dáadáa ni?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ṣe é dáadáa. Sarah Bowen àti Marlatt kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń mu sìgá ní ọ̀nà tí a ṣàlàyé lókè yìí, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009. Ara àwọn tí wọ́n kọ́ kò dín ní bíbéèrè ju ti àwọn tí wọn ò kọ́. Síbẹ̀, láàárín ọjọ́ méje tó tẹ̀ lé e, sìgá tí wọ́n mu kéré sí ti àwọn yòókù.

Nítorí náà, bí ó bá ṣì ń béèrè, tí ẹ ò sì tíì gbéra, ohun tí ẹ̀ ń wá lẹ ti rí yẹn. Ẹ tún ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn ṣe. Tó bá ti ju wákàtí kan lọ, tàbí tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí lójoojúmọ́, ẹ lọ sọ fún ẹni tó ń tọ́jú yín. Ó lè jẹ́ pé oògùn lẹ nílò.

Orí ń yí mi, ìka ọwọ́ sì ń ta mí tí mo bá ń ṣe é. Kí ló fà á?

Ẹ̀ ń mí jù ni. Tí èèyàn bá ń fa afẹ́fẹ́ lọ́nà tó yára tàbí tó lágbára ju bí ara ṣe nílò rẹ̀, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tó yẹ kó ṣẹ́kù díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ á jáde jù, orí á fúyẹ́, ètè àti ìka á máa ta. Kì í pani. Ẹ dá kíkà náà dúró, ẹ mí bí ẹ ṣe máa ń mí, ó máa lọ. Nígbà mìíràn ẹ fa èyí tó kéré.

Ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ká máa mí kíákíá, kí a sì sé èémí títí tí ojú á fi ṣú.

Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń jáwọ́ ò nílò ohun tó ń mú ojú ṣú; irú rẹ̀ ló ń sá fún. Ẹni tó ní wárápá, tàbí tó ń lo tramadol púpọ̀, lè tibẹ̀ kó sínú gìrì.

Tí mo bá ti dijú, ohun burúkú tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mò ń rí.

Ẹ la ojú. Kò sí òfin tó ní kéèyàn dijú. Ẹ wo ohun kan lọ́ọ̀ọ́kán, ewé, kókó ilẹ̀kùn. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ dárúkọ ohun márùn-ún tí ẹ̀ ń rí. Tàbí kí ẹ máa rìn dípò kí ẹ jókòó, kí ẹ máa ka ìṣísẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló bẹ̀rẹ̀ ọtí tàbí oògùn kí wọ́n má bàa máa rántí nǹkan kan: ìfipábánilòpọ̀, ìjàǹbá ọkọ̀, ikú ọmọ, nínà tí wọ́n nà án ní kékeré. Tí ohun tí wọ́n fi ń bò ó bá kúrò, ó máa yọjú. Èyí kọjá ohun tí èèyàn ń dá jókòó tì. Ẹ sọ ọ́ fún olùdámọ̀ràn tàbí dókítà kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ojoojúmọ́ ni mò ń mu ọtí. Ṣé mo lè dá a dúró lọ́la, kí n kàn máa mí?

Ẹ má dán an wò. Ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, tó wá dá a dúró lójijì, lè bá a kú. Láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ kan, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, á máa bì, kò ní lè sùn. Gìrì lè mú un láàárín wákàtí 6 sí 48 lẹ́yìn èyí tó mu kẹ́yìn. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, àwọn kan máa ń ṣèrànrán: wọ́n á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ara á gbóná, ọkàn á máa sáré. Ibí yìí làwọn ará ilé ti máa ń pè é ní àfiṣe, wọ́n á gbé e kiri, wákàtí á sì máa lọ.

Mímí ò lè dá gìrì dúró. Oògùn ló ń dá a dúró, dókítà ló sì ń díwọ̀n rẹ̀. Wọ́n tún máa ń fún un ní fítámì B1, torí ọtí ti sọ ara di aláìní in. Ẹ rí dókítà ná kí ẹ tó dá a dúró. Tí àwọn ọjọ́ yẹn bá ti kọjá ni ìdárayá mímí á wá wúlò, pàápàá lálẹ́ tí oorun ò wá.

Ọtí inú ọ̀rá àti paraga, ọtí ni wọ́n. A ń sọ ọ́ torí pé àwọn kan máa ń sọ fún dókítà pé àwọn ò mu ọtí.

Tramadol, codeine àti oògùn oorun ńkọ́?

Oògùn oorun bíi Rohypnol àti diazepam kò yàtọ̀ sí ọtí: dídá wọn dúró lójijì lè fa gìrì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù, lábẹ́ ojú dókítà. Tramadol àti codeine máa ń mú kí gbogbo ara máa ro, kí inú máa ṣí, kí imú máa dà, kí oorun dá. Kì í sábà pani, àmọ́ ìyà rẹ̀ pọ̀ débi pé ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ máa ń padà. Tramadol fúnra rẹ̀ náà ń fa gìrì tó bá pọ̀. 50 àti 100 mílígíráàmù ni NAFDAC fọwọ́ sí, kì í ṣe 225 tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ ni pé àwọn oògùn wọ̀nyí ń dẹ èémí, pàápàá tí ọtí bá pàdé wọn. Tí ẹ bá bá ẹnì kan tó ń hanrun lọ́nà tó ṣàjèjì, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tí ẹ pè é tí kò jí, ẹ dá a fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn tó bá sún mọ́ jù. Ẹ má rọ mílíìkì tàbí epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Ẹ má sì ní kó máa mí kanlẹ̀. Ó ti kọjá ìyẹn.

Ta ló yẹ kó bi dókítà léèrè kó tó bẹ̀rẹ̀?

Ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn, ẹni tó ní wárápá, aboyún. Kí wọ́n rọra mí, kí wọ́n má sé èémí rárá. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò gbọ́dọ̀ sé èémí. Mímí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ò ní pa á lára.

Èyí tó gba ìṣọ́ra jù ni ẹni tí igbó tàbí kolorádò ti mú kó máa gbọ́ ohùn, tàbí kó máa rò pé wọ́n ń lé òun. Ìjókòó jẹ́ẹ́ gígùn lè mú ohùn yẹn le sí i. Ìtọ́jú dókítà ló ṣáájú fún un. Ìyókù lè dúró.

Ṣé mo lè máa mu àgbo? Tí mo bá sì lọ òde ìnáwó ńkọ́?

Ẹ bi alágbo bóyá omi ló fi rẹ ẹ́ tàbí ọtí. Ọ̀pọ̀ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n ń tà láàárọ̀, ọgógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́, èèyàn tó ti jáwọ́ fún oṣù mẹ́fà á sì tibẹ̀ padà sídìí ọtí láìmọ̀.

Ní ti òde, ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ fi aṣọ ẹbí ránṣẹ́, kí ẹ má lọ. Tó bá di dandan, ẹ mí fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó wọlé, ẹ tètè gbé ìgò omi dání kí ọwọ́ má ṣófo, ẹ jókòó ti ẹni tó mọ̀ pé ẹ ti jáwọ́, kí ẹ sì ti mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ: "Dókítà ní n má mu ún." Kò sẹ́ni tó ń bá dókítà jà lóde ìnáwó.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Tí mo bá fa igbó díẹ̀, mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́ dáadáa. Ṣé mi ò lè máa fi ṣe àṣàrò?

Àbúrò, a gbọ́. Igbó ń mú kí ọkàn dúró sójú kan fúngbà díẹ̀, a ò jiyàn. Àmọ́ iṣẹ́ tó yẹ kí ìwọ fúnra rẹ kọ́ ló ń bá ọ ṣe. Ọjọ́ tí kò bá sí, ọkàn á sá lọ, o ò sì ní mọ bí wọ́n ṣe ń fà á padà. Gbìyànjú ọ̀sẹ̀ méjì láìfà á. Tí o kò bá lè ṣe ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn náà ti dáhùn ìbéèrè mìíràn tí o ò tíì bi wá.

Ọmọ mi ò gbà láti ṣe é. Ṣé kí n fipá mú un?

Ìyá, kò sí bí wọ́n ṣe ń fipá mú èèyàn mí. Ẹ ṣe é fúnra yín. Oorun tiyín náà ti dàrú, àyà tiyín náà ń já tí ilẹ̀kùn bá dún lóru. Ẹni tó ti mí kó tó sọ̀rọ̀ kì í pariwo, ọmọ sì máa ń dúró gbọ́ ohùn tí kò pariwo ju bí ẹ ti rò lọ.

Ẹ yan ìgbà tí kò mu nǹkan kan láti bá a sọ̀rọ̀. Ẹ bi í ní ohun tí oògùn náà ń ṣe fún un, kí ẹ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán. Ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn tí wọ́n ń nà án. Bí èèyàn ṣe ń jáde nínú bárakú kọ́ nìyẹn.

Tí mo bá lọ sí Àró, ṣé wọn ò ní máa pè mí ní wèrè?

Àwọn kan á pè yín bẹ́ẹ̀. Ní ìlú yìí, "wọ́n ti gbé e lọ sí Àró" ti di yẹ̀yẹ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ò mọ̀. Ní 1954, Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àró tí aláìsàn fi ń gbé pẹ̀lú ará ilé rẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, wọ́n ń jẹun pẹ̀lú àwọn ará abúlé. Àwọn dókítà láti ilẹ̀ òkèèrè wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, Lambo sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Títí dòní, ilé ìwòsàn náà ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró àti ọtí ti di bárakú fún. Ilé ìwòsàn Láńtòrò náà wà lábẹ́ wọn. Tí ojú bá ń tì yín jù, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà, tàbí kí ẹ pe nọ́ńbà ọ̀fẹ́ NDLEA, 080010203040, kí ẹ bá olùdámọ̀ràn sọ̀rọ̀ láti ilé.

Mo ti tún mu ún. Ṣé gbogbo mímí yẹn ti ṣòfò nìyẹn?

Kò ṣòfò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jáwọ́ pátápátá ló ṣubú kí wọ́n tó dúró. Ohun tó léwu ni ọ̀rọ̀ tí ọkàn máa ń sọ lẹ́yìn rẹ̀: "Ó kúkú ti bàjẹ́, jẹ́ kí n mu ú tẹ́rùn." Ẹ jókòó, ẹ mí, kí ẹ padà sẹ́yìn lọ́kàn láti ìgbà tí ẹ jí lọ́jọ́ yẹn. Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀? Ìpè ta ni? Owó wo ló wọlé? Ẹ sọ ọ́ fún olùtọ́jú yín láìbò ó.

Ọ̀kan tó lè pani wà níbẹ̀. Ẹni tó ti jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ ò lè gba ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Tramadol tó ń lò láìsí nǹkan kan nígbà kan lè dá èémí rẹ̀ dúró báyìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ilé náà mọ èyí.

Ẹ̀rí wo ló wà pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ẹ̀rí wà, kò pọ̀ tó bí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ṣe ń sọ. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ìwádìí Bowen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 2014. Wọ́n pín èèyàn 286 sí ọ̀nà mẹ́ta: ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ bí èèyàn ò ṣe ní padà sídìí rẹ̀, àti ẹ̀kọ́ yẹn pẹ̀lú ìjókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí ọdún kan pé, ọjọ́ tí àwọn tó ṣe ìjókòó jẹ́ẹ́ fi lo oògùn tàbí mu ọtí àmujù kéré sí ti àwọn yòókù.

Àwọn 286 yẹn ti parí ìtọ́jú àkọ́kọ́ kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ìwádìí yìí polówó pé kéèyàn má lọ sílé ìwòsàn kò kà á dáadáa.

Ọkọ mi ti ń ṣe é dáadáa. Ó wá ní mímí ti tó òun, òun fẹ́ dá oògùn tí dókítà kọ fún òun dúró.

Inú wa dùn pé ara rẹ̀ ń yá, àmọ́ ó lè jẹ́ oògùn náà ló ń jẹ́ kó rí ara jókòó. Ẹ má bá a jà, ẹ má sì fi oògùn sínú oúnjẹ fún un. Ẹ ní kó kọ ìdí tó fi fẹ́ dá a dúró sílẹ̀: ṣé ó ń mú un sùn jù, ṣé ó ń sanra, ṣé nǹkan ọkùnrin ò ṣiṣẹ́, ṣé owó rẹ̀ ló wọ́n? Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ohun tí dókítà lè ṣe sí i, yálà kó dín in kù, kó pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kó dá a dúró díẹ̀díẹ̀. Kó mú ìwé náà dání lọ sọ́dọ̀ dókítà tó kọ oògùn ọ̀hún, kó sì máa lò ó títí dọjọ́ náà. Tí ìpàdé bá ṣì jìnnà, ẹ lọ béèrè bóyá wọ́n lè fà á súnmọ́.